Johnson Kò Sọ Bẹ́ẹ̀: Ẹ̀kọ́ fún Òjíṣẹ́ Lórí Yíyẹ Orísun Ìtàn Wò, Kíkà Á àti Títọ́ka Sí I

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìjọ kan pè wá láti wàásù níbi ìsìn àjọ̀dún wọn. Kókó ìwàásù wa ni pé Ọlọ́run kò fi ìran Yorùbá sílẹ̀ láìní ẹlẹ́rìí kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé. Láti fi hàn pé ìtòsí ilẹ̀ Bíbélì ni a ti wá, a sọ báyìí pé, “Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn Yorùbá, sọ pé Mẹ́kà ni àwọn baba ńlá wa ti ṣí wá.” Ìjọ ṣe àmín. Inú wa dùn. Nígbà tí ìsìn parí, bàbá àgbàlagbà kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, wọlé tọ̀ wá ní ọ́fíìsì pásítọ̀. Ó kí wa kú iṣẹ́ Olúwa, ó sì béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, pásítọ̀, ojú ìwé wo ni Johnson ti sọ bẹ́ẹ̀?”

A wo ilẹ̀, a wo òkè, a kò rí èsì fọ̀. A kò ṣí ìwé Johnson rí. Inú ìwé pélébé kan ni a ti rí gbólóhùn náà, ẹni tí ó kọ ìwé pélébé ọ̀hún kò sì sọ ibi tí òun ti rí i. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ lọ kà á, sà. Johnson kò sọ bẹ́ẹ̀.”

A lọ kà á. Òótọ́ ni bàbá sọ. Ohun tí a rí nínú ìwé náà, àti ohun tí ìtìjú ọjọ́ náà kọ́ wa, ni a fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra fún ìfinijoyè òjíṣẹ́, àti ẹ̀yin pásítọ̀ tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Bí ìwé Johnson ṣe dé ọwọ́ wa

Kí a tó gba ẹ̀rí ẹnikẹ́ni gbọ́, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó jẹ́, àti ọ̀nà tí ẹ̀rí rẹ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 1846 ni wọ́n bí Samuel Johnson ní ìlú Hastings ní ilẹ̀ Sierra Leone. Ọmọ àwọn Sàró ni, ìyẹn àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ lómìnira tí wọ́n sì ń padà wá sílé. Ó wà ní kékeré nígbà tí bàbá rẹ̀ kó ìdílé wá sí Ìbàdàn láti ṣiṣẹ́ ìhìnrere lábẹ́ Àlùfáà David Hinderer. Ìbàdàn ni ó dàgbà sí, ibẹ̀ ni ó ti ṣe olùkọ́ àti katikíìsì. Lẹ́yìn náà ó di pásítọ̀ ìjọ CMS ní Ọ̀yọ́, níbi tí ó wà títí ó fi kú ní 1901.

Ohun tí ó mú un kọ ìtàn ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé Yorùbá ìgbà náà mọ ìtàn Gíríìsì, Róòmù àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ilẹ̀ baba wọn. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n sì ń kú lọ. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897. Ní 1899, a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà sọnù sọ́wọ́ wọn. Johnson kú láìrí i ní títẹ̀.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, oníṣègùn òyìnbó, ni ó tún iṣẹ́ náà gbé dìde. Ó kó àwọn àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì tò wọ́n padà. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, a kó ìwé náà sínú ọkọ̀ ojú omi tí a ń pè ní Appam láti gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan mú Appam lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́, nígbà tí ó sì dé, bébà ti gbówó lórí nítorí ogun. Dókítà Obadiah náà kú ní 1920. Ọdún 1921 ni ìwé náà jáde: The History of the Yorubas.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá wí pé “Johnson sọ pé,” ọ̀rọ̀ Samuel ni, ṣùgbọ́n láti ọwọ́ Obadiah ni a ti gbà á. Èyí kò sọ ìwé náà di èké. Ó kàn jẹ́ pé òǹkàwé olóòótọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọwọ́ méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ó sì yẹ kí a kíyè sí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan máa ń da Samuel Johnson pọ̀ mọ́ Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson ti Èkó, ẹni tí wọ́n ń pè ní “Holy Johnson.” Ẹlòmíràn ni ìyẹn. Orúkọ tí kò pé ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé ẹ̀rí ẹnìkan sí ẹnu ẹlòmíràn.

Ohun tí Johnson sọ gan-an

Nígbà tí Johnson ń kọ nípa orírun Yorùbá, ó kọ́kọ́ ròyìn ìtàn tí ó gbọ́: pé Lámúrúdu jẹ́ ọba ní Mẹ́kà, pé Odùduwà ọmọ rẹ̀ yí padà sí ìbọ̀rìṣà, àti pé ìjà tí ó tìdí rẹ̀ yọ ni ó lé e kúrò níbẹ̀ títí ó fi dé Ilé-Ifẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti pa ìwé náà dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n Johnson kò dúró níbẹ̀. Kété lẹ́yìn tí ó ròyìn ìtàn náà tán, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní àwọn Yorùbá kì í ṣe ìran Lárúbáwá, wọn kò sì lè jẹ́ ará Mẹ́kà tí gbogbo ayé mọ̀. Ó ní àwọn òǹkọ̀wé Lárúbáwá kò dárúkọ irú ọba bẹ́ẹ̀ ní Mẹ́kà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ńlá bí èyí kì bá tí fara pamọ́ fún wọn. Ó wá ṣàlàyé pé lójú àwọn ènìyàn wa ìgbà náà, ìlà-oòrùn ni Mẹ́kà, Mẹ́kà sì ni ìlà-oòrùn. Ohunkóhun tí ó bá ti ọ̀nà ibẹ̀ wá, Mẹ́kà ni wọn yóò ní ó ti wá.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Àwa lo orúkọ Johnson láti fi ìdí ohun tí Johnson fúnra rẹ̀ takò múlẹ̀. Ó ròyìn ọ̀rọ̀ kan, ó sì dá a lẹ́jọ́. A mú ìròyìn, a fi ìdájọ́ sílẹ̀. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyí, òun náà ni a sì máa ń ṣe sí Bíbélì. Ìwé Jóòbù ròyìn ọ̀rọ̀ Élífásì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní òpin ìwé náà Olúwa bá wọn wí pé wọn kò sọ ohun tí ó tọ́ nípa òun. Ẹni tí ó bá mú ọ̀rọ̀ Élífásì kan ṣoṣo tí ó ní “Bíbélì wí pé” kò tíì ka Jóòbù tán.

Johnson kò dúró sórí ìtàn tí ó gbọ́ nìkan. Ó tún mú ọ̀rọ̀ Sultan Muhammad Bello ti Sókótó wá, ẹni tí ó kọ ọ́ pé ìyókù àwọn ọmọ Kénáánì, láti ẹ̀yà Nímúródù, ni àwọn ará Yorùbá. Bello kì í ṣe ará Ọ̀yọ́ tàbí Ifẹ̀. Sókótó ni ó wà, ìwé rẹ̀ tí ó kọ ní 1812 ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Sókótó ní 1824, a sì tẹ ìtumọ̀ apá kan nínú ìwé Bello mọ́ ìròyìn ìrìn-àjò rẹ̀ ní 1826. Ibẹ̀ ni Johnson ti rí i. Ẹ bá wa kà á: láti ọwọ́ Bello dé ọwọ́ olùtumọ̀, ó dé inú ìwé Clapperton, ó dé ọ̀dọ̀ Samuel, ó dé ọ̀dọ̀ Obadiah, ó bọ́ sínú ìwé pélébé, ó wá dé orí àga ìwàásù wa. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Kí a má tilẹ̀ sọ ìròyìn tí ó ti la ọwọ́ méje kọjá.

Ìwé kan, oríṣi ẹ̀rí mẹ́ta

Bí a bá wá ní ẹ má gba Johnson gbọ́ mọ́, a ti tún ṣe àṣìṣe mìíràn. Kì í ṣe gbogbo apá ìwé kan ni ìwúwo wọn dọ́gba. Nínú ìwé Johnson, ó kéré tán, oríṣi ẹ̀rí mẹ́ta ni ó wà.

Èkínní ni ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀, bí ti Lámúrúdu àti Odùduwà. Kò sí ẹni tí ó ṣojú rẹ̀. Ohun tí irú ìtàn báyìí sọ fún wa dájú ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń ronú nípa ara wọn nígbà tí wọ́n ń pa á.

Èkejì ni ìtàn àwọn Aláàfin àtijọ́. Àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ ni Johnson gbọ́ èyí lẹ́nu wọn, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ké ìtàn àwọn ọba. Èyí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí a mọ ẹni tí ó ń sọ ọ́, a sì mọ̀ pé iṣẹ́ tí a fi kọ́ wọn láti kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jẹun láàfin kì í sábà ròyìn ohun tí yóò bí ọba nínú.

Ẹ̀kẹta ni ìtàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Níbí, Johnson gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn. Ó dárúkọ àwọn kan nínú wọn, bí David Kukomi, àgbà nínú ìjọ Ìbàdàn, àti Lágùnjú, Tìmì Ẹdẹ. Ní ti ogun Kírìjí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Johnson fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Òun ni ó gbé iṣẹ́ Aláàfin Adéyẹmí Kìíní lọ sọ́dọ̀ ìjọba Èkó. Ní 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni Gómìnà rán lọ sí àwọn ibùdó ogun láti bá wọn sọ̀rọ̀ àlàáfíà, ìwé àdéhùn sì jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí nìyí. Bí a bá ń kọ nípa Kírìjí, Johnson jẹ́ orísun àkọ́kọ́. Bí a bá ń kọ nípa Odùduwà, kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé kan náà ni. Ìbéèrè tí a gbé lọ bá a ni ó sọ irú orísun tí ó jẹ́.

Ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ibi tí ó dúró sí

Ẹlẹ́rìí pàápàá ní ibi tí ó dúró sí. Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni Johnson ti rí ayé. Ìtàn Ìjẹ̀bú, Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà nínú ìwé rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ Ọ̀yọ́ ni a ti wò ó, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ti sọ èyí léraléra. Oníwàásù ni pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí ó ta ko Mẹ́kà, ó ní òkè ilẹ̀ Íjíbítì tàbí Nubia ni àwọn baba ńlá wa ti wá, ó sì lè jẹ́ pé Kristẹni ni wọ́n, tàbí pé wọ́n ní ìmọ̀ díẹ̀ nípa ẹ̀sìn Kristi. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ àwa Kristẹni nínú. Nítorí náà gan-an ni a ṣe gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò gidigidi. Àwọn onímọ̀ èdè lónìí fi hàn pé ẹbí èdè kan náà ni Yorùbá, Ígálà, Ẹ̀dó àti Ìgbò ti wá, níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kì í ṣe láti Íjíbítì tàbí ilẹ̀ Lárúbáwá. Ìwọ̀n kan náà tí Johnson fi wọn Mẹ́kà ni a gbọ́dọ̀ fi wọn Íjíbítì rẹ̀. Ẹ̀rí tí ó bá dùn mọ́ wa nínú ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ mìíràn. Ní 1837, Samuel Àjàyí Crowther, nígbà tí ó ń ṣe olùkọ́ ní Fourah Bay, kọ lẹ́tà sí akọ̀wé CMS nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Kò sí orísun tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ju ìyẹn lọ, nítorí ẹni tí a so lókùn lọ́rùn ni ó ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá, ó ti di Kristẹni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń ti míṣọ́ọ̀nù lẹ́yìn ni yóò sì ka ohun tí ó kọ. Ó ní ọjọ́ ìbànújẹ́ náà, òun ti wá kọ́ láti máa pè é ní ọjọ́ ìbùkún. Ohùn méjì ni ó wà nínú lẹ́tà kan ṣoṣo: ohùn ọmọ tí a já gbà lọ́wọ́ òbí rẹ̀, àti ohùn onígbàgbọ́ tí ó ń bojú wẹ̀yìn wo ọwọ́ Ọlọ́run. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì. Oníwàásù tí ó bá gba ti èkejì nìkan yóò wàásù oyin láìsí omijé, yóò sì dà bí ẹni pé ìkónilẹ́rú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ìtàn ìjọ tiwa

Ọ̀rọ̀ yìí kò pin sí ti ayé àtijọ́. Nínú iṣẹ́ àṣekágbá mẹ́ta tí a yẹ̀ wò láàárín ọdún kan, a ka ìtàn ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní 1930 lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Iye àwọn tí ó rí ìwòsàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó sọ ẹni tí ó kà wọ́n. A bi ọ̀kan nínú wọn. Ó ní, “Sà, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn.”

Ẹ̀rí nípa ìsọjí náà kò wọ́n. Àwọn onígbàgbọ́ tí ó ṣojú wọn sọ ohun tí wọ́n rí, àwọn ìjọ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn náà kọ̀wé, nítorí ọ̀pọ̀ èrò máa ń dẹ́rù bà wọ́n. J.D.Y. Peel kó púpọ̀ nínú irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jọ nínú ìwé rẹ̀, Aladura, tí ó jáde ní 1968. Onígbàgbọ́ ń kọ̀wé láti inú ọpẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ń kọ̀wé láti inú ìfura. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rẹ́ àti ẹni tí ń fura bá ti pàdé, tí àwọn méjèèjì ní èrò wọ́ jáde láti ìlú dé ìlú, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wa lè dúró ṣinṣin. Ẹ̀rí tí ó fìdí múlẹ̀ kò tàbùkù iṣẹ́ Ọlọ́run. Iye tí a bù lé e ni ó ń tàbùkù rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí aláìgbàgbọ́ bá já iye kan nírọ́, yóò fi ojú kan náà wo gbogbo ìyókù.

Bí a ṣe ń tọ́ka

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́kọ́ bi orísun kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè márùn-ún: Ta ni ó sọ ọ́? Níbo ni ó wà nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀? Ìgbà wo ni ó tó kọ ọ́ sílẹ̀? Ta ni ó ń kọ ọ́ sí? Ta tún ni ó sọ bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó ta kò ó?

Lẹ́yìn náà, kí a tọ́ka sí ohun tí a fi ojú ara wa rí. Bí ó bá jẹ́ inú Johnson ni a ti rí ọ̀rọ̀ Bello, kí a sọ pé Bello, gẹ́gẹ́ bí Johnson ṣe mú un wá. Kí a má ṣe bí ẹni pé a ti ka Bello. Kí a kọ orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé ìwé, ìlú tí a ti tẹ̀ ẹ́, ọdún àti ojú ìwé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wádìí lè tọ ipa ẹsẹ̀ wa. Bí ó bá jẹ́ àgbà ni a lọ bá, kí a kọ orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀, ibi tí a ti bá a sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, kí a sì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í bi àgbà léèrè bí ọlọ́pàá ṣe ń bi ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n a lè sọ pé, “Bàbá, ṣé ó ṣojú yín ni, àbí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú yín?” Ìbéèrè náà kò rí wọn fín, ó sì ya ẹlẹ́rìí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó bá sì dé orí fóònù wa láìní orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ohun tí a ní láti wá ìdí rẹ̀ ni. Kò tíì di ẹ̀rí. Bákan náà, ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kọ tí kò dárúkọ rẹ̀, jíjí ni ó jí i, ìbáà jẹ́ ìwàásù ni ó fẹ́ fi ṣe.

Ǹjẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ kò tó?

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò sọ pé, “Ẹ̀mí ni ó ń fún wa ní ọ̀rọ̀, kí ni a tún ń wá ojú ìwé sí?” Ìbéèrè pàtàkì ni láàárín àwa tí a gbàgbọ́ nínú ìfihàn. Ẹ jẹ́ kí Ìwé Mímọ́ dáhùn. Lúùkù kọ ìhìnrere rẹ̀ nípa ìmísí, síbẹ̀ ó ṣàlàyé ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé àwọn tí ọ̀ràn náà ṣojú wọn ni ó fi í lé wọn lọ́wọ́, àti pé òun fúnra rẹ̀ wádìí rẹ̀ fínnífínní. Ẹni tí ó kọ ìwé Àwọn Ọba ń tọ́ka léraléra sí ìwé ìtàn àwọn ọba Ísírẹ́lì àti ti Júdà fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ sí i. Àwọn ará Bèríà ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àpọ́sítélì pàápàá sọ rí, a sì yìn wọ́n. Òfin Mósè ní ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta ni a fi ń fìdí ọ̀ràn múlẹ̀. Ìmísí kò lé ìwádìí jáde. Ẹ̀mí tí ó ń mí sí wa ni Ẹ̀mí òtítọ́, òfin kẹsàn-án kò sì dá oníwàásù sí. Ẹni tí ó sọ pé Johnson sọ ohun tí kò sọ ti jẹ́rìí èké sí òkú tí kò lè jà fún ara rẹ̀.

Ìjọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ tún pè wá ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Kí a tó ka ẹsẹ Bíbélì, a sọ fún ìjọ pé a ṣì wọ́n lọ́nà ní ọdún tí ó kọjá, a sì ṣí ìwé Johnson, a kà á fún wọn ní ibi tí ó ti ta ko ọ̀rọ̀ Mẹ́kà. Ẹ̀rù bà wá pé wọn yóò fojú tín-ín-rín wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá olùkọ́ wà lórí àga iwájú, ó ń mi orí. Lẹ́yìn ìsìn, ó mú àpótí kékeré kan wá sí ọ́fíìsì. Ìwé ìrántí ìpàdé ìjọ náà ni ó wà nínú rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ikán ti jẹ etí àwọn mìíràn. Ó ní òun ń wá ẹni tí òun yóò fi wọ́n sí ìkáwọ́ rẹ̀, ẹni tí yóò kà wọ́n, tí kò ní fi ti ara rẹ̀ kún un.